Ẹ̀dá Abẹ́ Ojú Oró: Ohun Tí A Rí Nínú Ẹ̀kán Omi Kan ní Ìbàràpá

Nígbà tí mo gbé ife omi adágún wọ inú ilé, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ìyá àgbà bi mí ni pé, "Ta ni yóò mu ún?" Mo ní kò sí ẹni tí yóò mu ún, wíwò ni a fẹ́ wò ó. Wọ́n wo ife náà, wọ́n wo ojú mi, wọ́n sì rọra ká ìró wọn sókè díẹ̀. Àpá kan wà lókè ọrùn ẹsẹ̀ wọn ọ̀tún, ó fẹ̀ tó àtàǹpàkò, ó sì ń dán. Láti kékeré ni mo ti mọ àpá náà, ṣùgbọ́n n kò bi wọ́n nípa rẹ̀ rí. "Ohun tí omi adágún yẹn fún mi nìyí," ni wọ́n wí. "Má ṣe gbé e dé ìdí àmù mi."

Ilé náà wà ní Ìgbó-Ọrà, ọ̀kan nínú àwọn ìlú méje ilẹ̀ Ìbàràpá, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ sí ìlú ìbejì. Adágún tí mo ń sọ wà lẹ́bàá ọ̀nà oko tó lọ sí apá Ìdèrè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo wá lò lọ́dọ̀ ìyá àgbà, nítorí iṣẹ́ ìkọ̀wé tí mo ń ṣe kò so mí mọ́ ọ́fíìsì kankan, ó sì ti pẹ́ tí mo ti fojú kàn wọ́n gbẹ̀yìn. Àbúrò mi kan, ọmọ àbúrò ìyá mi, ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi. Ẹ̀kọ́ nípa àwọn ohun abẹ̀mí ló ń kọ́ nílé ẹ̀kọ́ gíga. Òun ló gbé ohun tó dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ wá sílé.

Ohun náà kò ju páálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí a ká pọ̀ lọ. Foldscope ni wọ́n ń pè é. Manu Prakash àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Jim Cybulski, ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà ló ronú kàn án, wọ́n sì kọ̀wé nípa rẹ̀ fún aráyé ní 2014. Lẹ́ǹsì kékeré kan wà láàárín páálí náà, kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ, síbẹ̀ ó lè mú kí ohun tí a ń wò tóbi ní ìlọ́po 140. A lè fi ojú lásán wò ó, a sì lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ kámẹ́rà fóònù. Owó pọ́ọ́kú ni wọ́n fi ń ṣe é, kí ọmọ ilé ìwé tí kò rí máíkírósíkóòpù olówó ńlá lò má baà torí rẹ̀ di afọ́jú sí ohun tó wà láyìíká rẹ̀.

Ìlú tó wà lábẹ́ ewé

Ojú oró bo adágún náà láti etí dé etí. Gbogbo wa la mọ ojú oró nínú àdúrà: à ń tọrọ pé kí a máa lékè bí ó ti ń lékè omi. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lábẹ́ ewé náà kò sí nínú àdúrà wa. Gbòǹgbò rẹ̀ dà bí irùngbọ̀n arúgbó, ó ń mì lọ mì bọ̀ nínú omi, erùpẹ̀ tó kúnná sì há sínú rẹ̀. Àbúrò mi fa ẹyọ kan tu, ó fún gbòǹgbò rẹ̀ sínú ife bí ẹni ń fún kànrìnkàn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibí yìí ni wọ́n ń gbé."

Ní alẹ́ àkọ́kọ́, ohun tí a rí pọ̀ ju ohun tí a lè ka lọ. Àwọn kan gùn bí okùn, wọ́n tutù yọ̀yọ̀ bí ewé. Àwọn kan ń yí bìrí bí òkòtó. Àwọn kan ń sáré kọjá kí ojú tó bá wọn. Alẹ́ kejì ni a rí ẹ̀dá tí mo ń kọ̀wé nípa rẹ̀ yìí. Ó rí róbótó bí ìkòkò. Hóró yanrìn tó mọ́ gaara ni a fi mọ ara ìkòkò náà, a tò wọ́n mọ́ ara wọn bí ẹni fi òkúta mọ ògiri, láìsí àlàfo. Ohun mẹ́rin yọ ṣóńṣó lẹ́yìn rẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀, kò mira. Àbúrò mi ti fẹ́ sún páálí náà síwájú, ó rò pé eruku lásán ni, kí ohun kan tó yọ láti ẹnu ìkòkò náà: ó mọ́ bí omi orí ẹ̀kọ, ó nà bí ìka ọwọ́, ó kan ilẹ̀, ó sì fa gbogbo ilé náà sún síwájú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ìka náà yọ́, ó padà sínú ilé, òmíràn sì yọ ní ibòmíràn.

Àbúrò mi pariwo. Ìyá àgbà bi wá láti inú yàrá wọn bóyá ejò ni.

Àmíbà ni. Ẹni tó bá ti ka ìwé bàọ́lọ́jì nílé ẹ̀kọ́ girama yóò rántí orúkọ náà: ẹ̀dá tí gbogbo ara rẹ̀ kò ju sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lọ, tí kò ní ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n tó ń ti ara rẹ̀ jáde láti ṣe ẹsẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ rìn àti ọwọ́ nígbà tó bá fẹ́ jẹun. Ará Jámánì kan, Rösel von Rosenhof, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ní 1755. Àmíbà oníhòòhò ni àwòrán tó wà nínú ìwé wa. Èyí tí a rí yìí wà lára àwọn tó ń gbé inú ìkarahun. Ìdílé kan nínú wọn ń jẹ́ Difflugia. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Leclerc ló fún un ní orúkọ yìí ní 1815. Iṣẹ́ mọlémọlé ni iṣẹ́ wọn.

Bí wọ́n ti ń mọlé náà ló yà mí lẹ́nu jù. Àmíbà yìí a máa gbé hóró yanrìn mì, kì í ṣe láti jẹ ẹ́, bí kò ṣe láti tọ́jú rẹ̀ sínú ara. Nígbà tí ó bá tó àkókò láti bímọ, a ti apá kan ara rẹ̀ gba ẹnu ilé jáde, yanrìn tó ti kó pamọ́ yóò wá sí ojú ara tuntun yìí, oje kan tó ń sun láti ara rẹ̀ yóò sì so wọ́n pọ̀. Láìpẹ́, ilé méjì yóò wà ní ẹnu kọ ẹnu. Lẹ́yìn náà wọn a pínyà. Ọ̀kan yóò máa gbé ilé àtijọ́ lọ, èkejì yóò gbé tuntun. Ní Ìgbó-Ọrà níbí, a mọ ẹni tó jẹ́ Táíwò, a sì mọ ẹni tó jẹ́ Kẹ́hìndé. Lọ́dọ̀ ẹ̀dá yìí, ilé nìkan ni ó lè sọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Orúkọ tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ fi sáré jù

N kò ní purọ́ fún yín, ẹ̀yin òǹkàwé wa: orí wa wú. A wo àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì títí bátìrì fóònù méjèèjì fi kú, a kò rí èyí tó ní ìwo mẹ́rin gẹ́lẹ́ bí tiwa. Lójú tiwa, ohun tí a kò rí lórí fóònù, ayé kò tíì rí i nìyẹn. Àbúrò mi ti sọ ọ́ lórúkọ kí ilẹ̀ tó mọ́: Difflugia ibarapensis. Èmi náà ti kọ àkọlé ìròyìn sínú ìwé mi, mo sì ti ń ro ẹni tí yóò kọ́kọ́ tẹ̀ mí láago. Ká ní iná mànàmáná wà lóru ọjọ́ náà ni, à bá ti gbé e sórí Facebook.

Ọlọ́run ló yọ wá. Nígbà tí iná dé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, àbúrò mi ní kí òun kọ́kọ́ fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí olùkọ́ kan tí òun mọ̀, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀dá inú omi. Èsì dé nírọ̀lẹ́. Kò yìn wá, kò sì bú wa. Ìbéèrè mẹ́ta ló kọ: "Ẹyọ mélòó lẹ ti rí? Báwo ni ẹnu rẹ̀ ti rí? Kí ni ìwọ̀n rẹ̀?"

Ẹyọ kan ṣoṣo ni a rí. A kò rí ẹnu rẹ̀ dáadáa, nítorí ó dojú rẹ̀ bolẹ̀. A kò wọ̀n ọ́n.

Ojú tì mí, ó sì yẹ kó tì mí, nítorí ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe tuntun sí mi. Nígbà tí a ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè Yorùbá ní yunifásítì, kò sí olùkọ́ tí yóò gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ ti ẹnu ẹnìkan ṣoṣo ṣàpèjúwe ẹ̀ka-èdè ìlú kan. Bóyá ẹni náà ti gbé Èkó pẹ́. Bóyá eyín rẹ̀ iwájú ló ti ká. A ní láti gbọ́ lẹ́nu púpọ̀, àgbà àti ọmọdé, kí a tó sọ pé, "Báyìí ni wọ́n ń sọ ọ́." Mo mọ èyí nípa ọ̀rọ̀ ẹnu, ṣùgbọ́n n kò rántí rẹ̀ nígbà tí ayọ̀ pa mí.

Ẹyọ kan kò tó

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a fi tún un ṣe. Ní òwúrọ̀ a ó lọ fún gbòǹgbò ojú oró, ní alẹ́ a ó jókòó ti páálí wa. A rí ẹyọ mẹ́rìnlá lápapọ̀. Nítorí pé a kò ní ohun èlò ìwọ̀n, a fa irun kan tu lórí mi, a tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Fọ́nrán irun orí kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́rìnlá mìlímítà kan ní fífẹ̀ lọ. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ilé yanrìn náà fẹ̀ tó irun méjì tí a tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èyí tó tóbi jù sún mọ́ mẹ́ta. Mẹ́fà nínú wọn ló yí padà lọ́nà tí a fi rí ẹnu wọn. Ẹnu náà rí róbótó, etí rẹ̀ sì ní eyín wínníwínní yíká bí eyín ayùn. A ka méjìlá lára òmíràn, a ka mẹ́rìndínlógún lára òmíràn.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ni ó dà wá lẹ́jọ́ rú. Ẹyọ kan ní méjì, ọ̀pọ̀ ní mẹ́rin tàbí márùn-ún, ọ̀kan sì ní méje. Bí iye wọn bá jẹ́ àmì ẹ̀yà, a jẹ́ pé ẹ̀yà mẹ́rin tàbí márùn-ún ló ń gbé abẹ́ ojú oró kan ṣoṣo. Ìgbà tí a fi àkọsílẹ̀ yìí ránṣẹ́ ni olùkọ́ náà pè wá lórí fóònù. Ó bi wá bóyá a ti gbọ́ orúkọ Jennings rí.

Herbert Spencer Jennings jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà. Ní 1916, ó tẹ ìwádìí gígùn kan jáde lórí àmíbà tó ń jẹ́ Difflugia corona. Ohun tó ṣe rọrùn láti sọ, ó sì nira láti ṣe: ó mú ẹyọ kan, ó jẹ́ kó pín, ó tọ́jú àwọn ọmọ rẹ̀, àti ọmọ ọmọ rẹ̀, ó sì ń ka ohun tó yọ ṣóńṣó lẹ́yìn wọn, ó ń ka eyín ẹnu wọn, ó ń wọ̀n wọ́n. Ó rí i pé àwọn ọmọ tó ti ara ẹyọ kan ṣoṣo jáde kì í bára dọ́gba. Ìyá lè ní mẹ́rin kí ọmọ ní mẹ́fà. Nítorí náà ẹni tó bá fi iye wọn dá ẹ̀yà tuntun sílẹ̀ ti pín ọmọ ìyá sí ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Olùkọ́ náà ní tiwa jọ Difflugia corona gan-an: ilé róbótó oníyanrìn, ẹnu eléyín, ṣóńṣó lẹ́yìn. George Charles Wallich, dókítà kan tó bá ẹgbẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ ní Íńdíà, ló sọ ọ́ lórúkọ yìí ní 1864, corona sì túmọ̀ sí adé. Ó ní kí a má ṣe kọ ọ́ pé "ó jẹ́", kí a kọ ọ́ pé "ó jọ", nítorí pé a nílò máíkírósíkóòpù tó lágbára ju páálí wa lọ fíìfíì kí ọ̀rọ̀ tó parí, àti pé láti ìgbà tí àyẹ̀wò DNA ti dé ni àwọn onímọ̀ ti ń tún àwọn ìdílé wọ̀nyí tò. Báyìí ni Difflugia ibarapensis ṣe kú.

Bí a ṣe ń sọ ẹ̀dá lórúkọ

Àbúrò mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Èmi náà kò tètè sùn. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń ka ohun tí olùkọ́ náà fi ránṣẹ́ sí wa, mo rí i pé sísọ ẹ̀dá lórúkọ jọ ìsọmọlórúkọ wa ju bí mo ti rò lọ. Kì í ṣe ohun tí ẹnìkan ń dá ṣe nínú yàrá. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ẹ̀dá tuntun lórúkọ gbọ́dọ̀ ṣàpèjúwe rẹ̀ dé ibi tí ẹlòmíràn yóò fi lè dá a mọ̀. Ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tó fi yàtọ̀ sí àwọn ìbátan rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ó ti rí i. Ó gbọ́dọ̀ yan ẹyọ kan tí yóò dúró fún gbogbo ìyókù, kí a sì tọ́jú rẹ̀ síbi tí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò ti lè bá a. Ó sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ayé láti yẹ̀ wò.

Iṣẹ́ náà kò sì tíì tán. Ní 2016, Jordana Féres, Daniel Lahr àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Bràsíìlì ṣàpèjúwe àmíbà olómi tútù kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì fún lórúkọ rí. Ìkarahun rẹ̀ ga ṣóńṣó lókè, etí rẹ̀ sì fẹ̀ nílẹ̀, ó jọ fìlà oṣó inú ìtàn àròsọ kan tí wọ́n fẹ́ràn. Wọ́n wọn ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀, wọ́n fi wọ́n wé àwọn ìbátan wọn, kí wọ́n tó pè é ní Arcella gandalfi. Nígbà tí mo rí àwòrán rẹ̀, ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni àkẹtẹ̀. Ká ní ọmọ Ìbàràpá ló sọ ọ́ lórúkọ ni, bóyá àkẹtẹ̀ ni ì bá máa jẹ́ títí ayé.

Ní ilẹ̀ wa níbí ńkọ́? Ní 1963, James Green, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn àmíbà onílé inú odò Sokoto. Láti 1958, Gauthier-Lièvre àti Thomas ti ń kọ̀wé ní èdè Faransé lórí ìdílé Difflugia ní ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n sì fún ọ̀pọ̀ nínú wọn ní orúkọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Nítorí náà, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ará abẹ́ ojú oró wa kí a tó bí ìyá mi. Ṣùgbọ́n n kò tíì ka ojú ìwé kan rí tó sọ bí wọ́n ti rí ní èdè Yorùbá. Èyí ni iṣẹ́ tí ó kù fún irú mi. Bí n kò bá lè fún ẹ̀dá yìí lórúkọ tuntun lójú ayé, mo lè ṣàpèjúwe rẹ̀ dáadáa lójú ìyá àgbà.

Ohun tí omi gbà

Ìyá àgbà kò fẹ́ wò ó. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, bí a bá ti gbé ife náà jáde, wọn a wọ yàrá lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí òjò kò jẹ́ kí a jáde ni wọ́n sọ ìdí rẹ̀ fún wa, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi wọ́n.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí i ni. Abà ni wọ́n ń gbé nígbà náà, omi adágún ni wọ́n ń mu. Nígbà tó tó àkókò láti kọ ebè, ẹsẹ̀ wọn wú, ó ń jó wọn bí iná, lẹ́yìn náà ó bẹ́. Sóbìà ni. Wọ́n ń fi igi tín-ínrín ká a díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n kó má baà já sínú. Èyí àkọ́kọ́ kò tíì tán tí èkejì fi yọ ní orúnkún. Oṣù mẹ́ta ni wọn kò lè dìde. Bàbá àgbà náà ní tirẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ìyá mi, tó wà ní kíláàsì karùn-ún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ́dún náà láti máa gbọ́únjẹ, láti máa pọn omi. "Inú adágún yẹn náà ló ń lọ pọn omi ọ̀hún," ni ìyá àgbà wí. "Èmi ni mo ń rán an."

Ìyá mi kò sọ èyí fún mi rí. Mo kàn mọ̀ pé wọ́n fi ọdún kan ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ ní kíláàsì ni.

Ìbàràpá mọ sóbìà, sóbìà sì mọ Ìbàràpá. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ní ibùdó ìlera ní Ìgbó-Ọrà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti ń kọ́ṣẹ́, Ìdèrè sì wà lára àwọn ibi tí àwọn olùwádìí ti kẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ nípa àìsàn náà. Ọ̀pọ̀ àgbà gbà nígbà náà pé ara ènìyàn ni sóbìà ń gbé láti ìbí, pé kì í ṣe inú omi ló ti ń wá. Ó ṣòro láti bá wọn jiyàn, nítorí pé nǹkan bí ọdún kan gbáko ló máa ń wà láàárín ọjọ́ tí ènìyàn mu omi náà àti ọjọ́ tí aràn náà yọ. Ta ni yóò rántí ife omi ọdún tó kọjá?

Ará Rọ́ṣíà kan, Aleksei Fedchenko, ló rí ojú ọ̀nà tí aràn náà ń gbà ní nǹkan bí 1870. Ẹ̀dá omi kékeré kan ló ń gbé ọmọ aràn náà mì; Cyclops ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá mu omi tí Cyclops wà nínú rẹ̀ ti mu sóbìà. Bí aràn bá sì yọ lẹ́sẹ̀, tí ẹni náà ki ẹsẹ̀ bọ adágún nítorí ooru, aràn náà yóò tú ọmọ rẹ̀ sínú omi, Cyclops yóò sì tún gbé wọn mì. Ìdí nìyí tí aṣọ asẹ́ lásán fi lè ṣẹ́gun rẹ̀: Cyclops tóbi ju ihò aṣọ náà lọ. Nígbà tí wọ́n ka àwọn aláìsàn jákèjádò Nàìjíríà ní 1988 sí 1989, wọ́n lé ní 650,000. Aṣọ asẹ́, omi ẹ̀rọ, oògùn inú adágún àti ìlanilọ́yẹ̀ láti ilé dé ilé ló ṣe é. Ẹni ìkẹyìn tó ní sóbìà ní Nàìjíríà ní in ní 2008, ní ìpínlẹ̀ Enugu. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé kì í ṣe gbogbo àmíbà ló jẹ́ aláìléwu bí mọlémọlé wa. Ọ̀kan wà tó ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn. Fedor Lösch ló rí i lára aláìsàn kan ní St. Petersburg, ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1875. Òmíràn, Naegleria fowleri, a máa gba imú wọ inú ọpọlọ. Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú kì í sábà yè é. R. V. Lawande àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé ní 1980 lórí àgbẹ̀ ọmọ Nàìjíríà kan tí irú àìsàn yìí mú. Ohun tí ìdámọ̀ wà fún nìyí. Ẹni tí kò lè ya èyí tó ń pani sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò pani, gbogbo omi ni yóò máa bẹ̀rù, tàbí kó máa mu gbogbo rẹ̀.

Ìyá àgbà wo inú rẹ̀

Lẹ́yìn ìtàn náà ni mo sọ fún wọn pé ẹ̀dá tó gbé sóbìà wá wà nínú ife wa, pé kò ní sóbìà nínú mọ́, àti pé bí wọ́n bá fẹ́, wọ́n lè rí i. Wọ́n dákẹ́. Òjò ń rọ̀. Wọ́n wá ní, "Gbé e wá."

Àbúrò mi lẹ páálí náà mọ́ fóònù. Ohun funfun tín-ín-tín tí ń fò nínú omi wá di ẹ̀dá ńlá lójú fóònù: ìwo gígùn méjì níwájú, ojú kan ṣoṣo pupa láàárín orí, àpò ẹyin méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrù. Ìyá àgbà gba fóònù náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n wò ó pẹ́. "Ojú kan náà ló ní," ni wọ́n wí. Lẹ́yìn náà, "Ó tún lóyún." N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Wọ́n fi àtàǹpàkò nu ojú fóònù náà bí ẹni ń nu ojú ọmọ, wọ́n ní, "Ogójì ọdún ni mo fi ń rò pé èmi ni mo ṣe ohun kan tí kò dára. Àṣé èyí ni."

Nígbà náà ni mo fi mọlémọlé hàn wọ́n, mo sì ka àpèjúwe tí mo ti kọ fún wọn:

"Ilé rẹ̀ rí róbótó bí ìkòkò. Hóró yanrìn ló fi kọ́ ọ. Ẹnu ilé náà dojú kọlẹ̀, eyín sì yí i ká bí ti ayùn. Ìwo méjì sí méje wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó fẹ̀ tó irun orí méjì sí mẹ́ta. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ gaara, ó ń yọ ọ́ nígbà tó bá fẹ́ rìn, ó sì ń yọ́ ọ padà. Abẹ́ ojú oró ni ó ń gbé. A máa kó yanrìn ilé ọmọ rẹ̀ jọ kí ó tó bí i."

Wọ́n ní kí n tún ìlà kan kà. Mo tún un kà. "Ìwo kọ́ nìyẹn," ni wọ́n wí. "Ìwo ni ẹran fi ń kàn. Èyí kò kan ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gún ni kí o pè é, bíi ti ara igi. Ó fi ń lé ẹni tó bá fẹ́ gbé e mì ni."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a fi ka ohun yẹn, èmi tí mo gboyè nínú èdè Yorùbá ni mo sì pè é ní ìwo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo mú bírò, mo fagi lé e, mo sì kọ ẹ̀gún sí i.

Ní òwúrọ̀, bí a ti ń múra láti da omi náà padà sínú adágún, ìyá àgbà pè wá láti ẹnu ọ̀nà. Mo rò pé wọ́n tún fẹ́ wò ó ni. "Bí ẹ bá dé," ni wọ́n wí, "ọṣẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù. Ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìgbákọ mi títí ẹ ó fi fọ ọwọ́ yín."